Wọ́n wá gbé ajá mi lọ nígbà tí mi ò sí nílé. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Kúrúnà ló bo Bingo, ajá wa. Irun ìbàdí rẹ̀ ti re dànù, awọ ara rẹ̀ pọ́n, ó ń họra ṣáá. À ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n sì ń gún un lábẹ́rẹ́. Ó wà nínú káàdì tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn géètì la so ó mọ́ kó má baà kó o ran ajá àwọn alájọgbé wa.

Ni ẹnìkan nínú ọgbà bá yọjú láti wíńdò, ó ya fídíò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan tó ń gba ẹranko sílẹ̀. Ọjà ni mo wà nígbà tí wọ́n dé. Àbúrò mi tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ndìrì ló bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n dúró dè mí. Wọ́n já ṣéènì, wọ́n gbé ajá sínú mọ́tò, ó di fìrì. Kò sí ọlọ́pàá, kò sí ìwé kankan. Wọ́n wá ní kí n san owó ìtọ́jú àti owó oúnjẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á fún ẹlòmíràn. Fídíò ti wà lórí Facebook, wọ́n ń pè mí ní ìkà. Àwọn ọmọ mi ń sunkún. Ṣé kí n lọ sí tẹ́ṣàn ni, àbí kí n lọ bẹ̀ wọ́n?

Lọ́yà Yábàá:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Dúkìá yín ni ajá yẹn. Apá 44 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ò gbà kí ẹnikẹ́ni fipá gba dúkìá ẹni, àfi bí òfin bá là á sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni fífi ìyà jẹ ẹranko: ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn náírà 50, tàbí méjèèjì, ló wà ní apá 495 Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Ó ti yẹ kí wọ́n gbé owó yẹn sókè tipẹ́. Ṣùgbọ́n adájọ́ ló ń dáni lẹ́bi. Ẹ má san kọ́bọ̀ láìgba rìsíìtì.

Màmá Ajá, Sùúrùlérè:
Èmi náà wà lára àwọn tó ń gba ẹranko sílẹ̀, ẹgbẹ́ tiwa yàtọ̀. Ajá tí mo kọ́kọ́ bá wọn gbé, ṣéènì ti wọ inú ẹran ọrùn rẹ̀, ìdin ń jáde níbẹ̀. A pe tẹ́ṣàn, wọn ò wá. Ẹni tó bá ti rí irú ìyẹn, ara rẹ̀ kì í gbà á mọ́. Àmọ́ kí wọ́n já ṣéènì lójú ọmọdé, kí wọ́n tún gbé ojú yín síta, ìyẹn ò dáa.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
London ni mo ń gbé. RSPCA, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko, ti wà níbí láti 1824, síbẹ̀ wọn ò lágbára láti gba ẹran ẹni fúnra wọn. Lábẹ́ òfin ìtọ́jú ẹranko ọdún 2006 ti England àti Wales, ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn ló lè gbé e, lẹ́yìn tí dókítà ẹranko bá ti fọwọ́ sí i, àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá le tí kò ṣeé dúró dè é.

Dókítà Ẹran, Agége:
Kòkòrò tí ojú lásán ò rí ló ń fa kúrúnà ajá. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó ń gbé inú ihò irun. Bí wọ́n bá kú tán, irun ò ní yọ lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Torí náà, lójú ẹni tó wo fídíò, ajá tó ń gba ìtọ́jú lè dà bí èyí tí wọ́n pa tì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: bí wọn ò bá mọ abẹ́rẹ́ tó ti gbà, wọ́n lè fún un ní àpọ̀jù oògùn. Ẹ fi àwòrán káàdì yẹn ránṣẹ́ sí wọn nísinsìnyí, kí ẹ tó ronú tẹ́ṣàn. Bó bá sì délé, ẹ fi okùn gígùn so ó níbi tí ibòji wà.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti fi káàdì ránṣẹ́. Wọ́n ti kà á, wọn ò tíì fèsì. Dókítà wa ní òun á kọ lẹ́tà, òun á sì bá mi lọ. Bí wọn ò bá dá a padà títí Ọjọ́bọ̀, tẹ́ṣàn yá. Ẹni tó ya fídíò, mi ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi í ìdí tí kò fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi.