Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka jiọ́lọ́jì, ṣé kí n mú economic geology àbí kí n sá?

OmoIjesa22:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Jiọ́lọ́jì ni mò ń kà, 300 level ni mo wà, wọ́n sì ti ní ká máa ronú ibi tá a máa ṣe prójẹ́ẹ̀tì sí. Bàbá mi ní epo rọ̀bì ni kí n bá lọ, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sáré lọ sídìí borehole, èmi ní tèmi economic geology ló ń wù mí, wúrà, irin, òjé, lithium, gbogbo ẹ̀ pátá. Àmọ́ ẹnì kan ní kò yàtọ̀ sí ká máa há orúkọ òkúta sórí, kò sì síṣẹ́ níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tàn mí.

BabaCore:
Àbúrò, ẹni yẹn ò tíì kà á débi tó dùn. Orúkọ òkúta, ìyẹn ti parí ní 200 level. Ìṣirò ọjà ni economic geology: tá a bá wa òkúta yìí, ṣé a máa jèrè àbí a máa jẹ gbèsè? Wo Ṣẹ̀gilọlá ní Ọ̀ṣun níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ yọ́ wúrà jáde ní 2021. Nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan, bíi gíráàmù 4 péré ni wúrà tó wà níbẹ̀. Ẹrù pickup kan gbáko o, wúrà inú ẹ̀ ò ju òrùka ìgbéyàwó kan lọ, síbẹ̀ ó ń mówó wọlé. Tí wúrà bá wá já wálẹ̀ lọ́jà, apá ibi tí wúrà ò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ á di òkúta lásán, wọ́n á fò ó. Iye tó kéré jù tó ṣì lérè yẹn là ń pè ní cut-off grade.

Má sì rò pé wàá máa rí wúrà o! Ọdún kẹfà mi nídìí core rèé, mo lè fi ìka ka iye ìgbà tí mo fojú rí i. Rìgì á yọ òkúta gígùn rọ̀gbọ̀dọ̀ jáde látinú ilẹ̀, òun là ń pè ní core, a ó fi ayùn là á sí méjì gbọọrọ, ìdajì á wọ inú àpò lọ sí lábù, ìdajì á wà nínú àpótí. Láàárín àwọn àpò yẹn a máa ń ki ọ̀kan tá a mọ̀ dájú pé kò ní wúrà kankan bọ̀ ọ́, ká lè mọ̀ bí lábù bá ń fún wa ní èsì tí kò tọ́.

AyinlaOlomi:
Èmi ò ní tàn ẹ́. Mo ṣe é, mo jáde dáadáa, iléeṣẹ́ ìwakùsà kan gbà mí, odidi oṣù mẹ́ta wọn ò san kọ́bọ̀, inú igbó tí nẹ́tíwọ́kì ò dé la wà. Borehole ni mò ń ṣe báyìí, òùngbẹ kì í tán. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o, kò kàn pọ̀ ni. Ìdí ni pé lábẹ́ òfin ìwakùsà 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì, kódà kó wà lábẹ́ oko kòkó bàbá ẹ, o gbọ́dọ̀ gba láíséǹsì. Ẹni tó lówó láíséǹsì ló máa gbà ẹ́ síṣẹ́, wọn ò sì pọ̀.

IyaLab:
Ayinla ò parọ́, àmọ́ nǹkan ti ń yí. Ẹ wo Ìjerò-Èkìtì. Òkúta kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ lepidolite, àwọ̀ elésè àlùkò, èékánná lásán lo máa fi ṣí i bí ìpẹ́ ẹja. Nígbà tá a lọ field níbẹ̀, orí ààtàn àwọn tó ń wa kùsà mìíràn tó ń jẹ́ tantalite la ti ṣà á. Lithium tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì ló wà nínú ẹ̀. Ní báyìí wọ́n ń fi lọ́rì kó o! Ní Jos náà, wọ́n ti da kùsà kan tó ń jẹ́ columbite nù rí níbi tí wọ́n ti ń wa tin. (Kuza ni Hausa ń pe tin, ó jọ pé ibẹ̀ ni kùsà tiwa ti wá.)

OmoIjesa, tó o bá máa mú un, kọ́ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, láti ìsinsìnyí, kó o sì mú prójẹ́ẹ̀tì tó o lè fowó ara ẹ dé. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà yín ti tó. Kó o sì rí i pé o jókòó sídìí màíkírósíkópù tó ń tan iná láti òkè, torí ọ̀pọ̀ kùsà irin, iná ò lè gba inú wọn kọjá, o ní láti dán ojú wọn bíi dígí kó o tó rí nǹkan.

OmoIjesa22:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ṣoṣo: bùrọ̀dá mi kan mú òkúta wá láti odò, ó ń dán yìnrìnyìnrìn, ó ní wúrà ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

IyaLab:
Fà á sí ẹ̀yìn táìsì, ibi tí kò dán. Tó bá fa ilà yẹ́lò, ẹ pè mí. Tó bá dúdú, kì í ṣe wúrà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pyrite, òkúta tó máa ń dán bíi wúrà. Tàbí kẹ́ ẹ fi hámà gbá a díẹ̀: wúrà á tẹ̀, pyrite á fọ́ yángá.

OmoIjesa22:
Mo ti fà á. Dúdú ni. Inú àpótí aṣọ ni bùrọ̀dá mi ti tì í mọ́ látọdún tó kọjá, ta ló fẹ́ lọ sọ fún un?