Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀sìn olóṣèlú fẹ́ tú ilé wa ká

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́. Mùsùlùmí ni bàbá wa, Kìrìsìtẹ́nì ni màmá. Ìkòkò kan náà la fi ń se ẹran iléyá àti ti Kérésì. Ṣùgbọ́n látìgbà tí Tinubu ti mú Shettima, Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, díje lọ́dún 2023, ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi obìnrin ò kí ara wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní ṣebí Abiola àti Kingibe náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1993, pásítọ̀ sì ni ìyàwó Tinubu. Àbúrò mi ní wọ́n yọ àwọn Kìrìsìtẹ́nì sílẹ̀ ni. Níléyá tó kọjá, ó dá abọ́ ẹran padà láìṣí i. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Ta ni kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ nínú wọn?