Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé ní abà: kí ni ká ṣe sí omi ògì ìyá àgbà?

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìyá ọlọ́mọ sílẹ̀ láwọn abà tó jìnnà sí ibùdó ìlera lọ́nà Ìkọ̀lé-Èkìtì. Bí òṣìṣẹ́ bá dé bẹ̀, àléébù ló máa ń kà sí wọn létí, àwọn ìyá á sì panu mọ́. Ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ògì ni ìyá àgbà ń fún un. Ṣé ká ní kí wọ́n jáwọ́ ni, àbí ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká dì mú?

Nọ́ọ̀sì Abà: Ẹ má ní kí wọ́n jáwọ́. Ìyá àgbà ti mọ èyí tó ṣòro jù láti kọ́ èèyàn: pé ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbọ́dọ̀ máa mu nǹkan. Àmọ́ omi tútù ni wọ́n fi ń rẹ ògì. Bí omi yẹn bá dọ̀tí, kòkòrò á bá a wọ ikùn ọmọ, iyọ̀ inú rẹ̀ ò sì tó èyí tí ìgbẹ́ ń kó lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sè é di ẹ̀kọ mímu fún ọmọ tó ti lé lóṣù 6.

Ní ti dídá omi ara ọmọ padà, ORS ni, ìyẹn èròjà iyọ̀ àti ṣúgà inú àpò tí wọ́n ń pò mọ́ omi. Bí kò bá sí lọ́wọ́: omi sísè tó ti tutù lítà 1; ṣúgà ṣíbí tíì 6; iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ike omi 50cl méjì ni lítà 1, ẹ má fi ife fojú bù ú. Orí ṣíbí ni àṣìṣe ti ń wọlé: ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá a kó tẹ́jú. Kẹ́ ẹ tó fún ọmọ, ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá ní iyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọ. Èyí tó bá ti lo wákàtí 24, ẹ dà á nù. Bí ọmọ bá bì, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ tún máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmú ò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró.

Ìyá Ológì: Ẹ fi oògùn síǹkì kún un: 20 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, 10 mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Bí ìgbẹ́ bá ti dá lọ́jọ́ kẹta, ọ̀pọ̀ ìyá á kó o tì. Iye ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ tẹnu mọ́.

Bí wọ́n bá ní eyín ló ń hù, ẹ má bá wọn jiyàn. Ìbá à jẹ́ eyín, ìbá à má jẹ́ eyín, omi ṣáà ń jáde lára ọmọ. Ẹ sì jẹ́ kí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ máa wọn iyọ̀ lójú àwọn ìyàwó ilé. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Abà: Òótọ́ ni. Ẹ kọ́ ìyá àgbà kan náà ní àmì ewu: ojú tó jìn wọnú, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ọmọ tí kò lè mu nǹkan, awọ ikùn tẹ́ ẹ fà sókè tí kò tètè padà. Ibùdó ìlera lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ yọ owó ọ̀kadà sọ́tọ̀ nínú àjọ ẹgbẹ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.