Lymphocyte ọkọ mi já sí 0,6 o, ẹ gbà mí

Ìyá Ràmátù (Créteil): Ẹ̀yin ará ilé ta ló wà nílẹ̀ ẹ jọ̀ọ́. Bàbá Ràmátù ń wúkọ́ látọjọ́ Ajé, fámásì ní kòfíìdì ni, dókítà ní kó lọ fa ẹ̀jẹ̀, làbó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù nísinyìí, alẹ́ Jímọ̀, dókítà sì ti tilẹ̀kùn ó di ọjọ́ Ajé. Pupa ni wọ́n fi kọ ọ́: lymphocytes, àwọn tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 0,62, wọ́n ní láti 1 sí 4 ló yẹ kó wà. Mo wo íntánẹ́ẹ̀tì ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Òun ní tíì ewé lòun fẹ́, òun ò lọ ibì kankan.

Fòfó Wàńdó (Montreuil): Gbé ìwé yẹn sílẹ̀ kí o wo ọkùnrin náà. Ṣé ó ń sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ? Ètè rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀? Tó bá wà lábẹ́ 94 tàbí tí èémí ò já gaara, 15 ni o máa pè, SAMU, àwọn oníṣègùn pàjáwìrì, ò mọ alẹ́.

Àlàájì Villeurbanne: Ìyá Ràmátù fọkàn balẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ àwa adúláwọ̀ ṣe rí nìyẹn. Tèmi náà kéré, wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù bà mí mo fagi lé ìrìn àjò, tíkẹ́ẹ̀tì Kòtònú ṣòfò, ìgbẹ̀yìn wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Fún un ní tíì rẹ̀.

Dàdá Nọ́ọ̀sì (Montréal): Háà Àlàájì! Ẹ̀gbọ́n lẹ jẹ́, ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹ máa pa ọkọ olọ́kọ. Neutrophiles, irú ajagun ẹ̀jẹ̀ mìíràn, ni tiyín. Òun ló máa ń kéré lára ọ̀pọ̀ wa, ọ̀rọ̀ Duffy ni, àmì kan lára ẹ̀jẹ̀ pupa tí ọ̀pọ̀ wa ò ní, ohun kan náà tí kì í sábà jẹ́ kí vivax, irú ibà ẹ̀fọn kan, ríbi wọlé sí wa lára, kì í ṣe àìsàn. Lymphocyte ò sí nínú ìyẹn. Láti ìgbà Wuhan ni wọ́n ti rí i pé àwọn tí kòfíìdì le fún, lymphocyte wọn máa ń já wálẹ̀, pàápàá irú tí wọ́n ń pè ní T, CD4 àti CD8, àwọn kan ń kú, àwọn kan ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi tí ìjà wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n gíríìpù lásán náà lè fà á wálẹ̀ kó sì tún gòkè padà, ìdí tí nọ́ńbà kan kì í fi í dájọ́ nìyẹn. CRP, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí ara ṣe ń jà tó, ńkọ́? Ẹni ọdún mélòó ni? Ṣé ó ní ìtọ̀ ṣúgà?

Àlàájì Villeurbanne: Globule blanc, ẹ̀jẹ̀ funfun, ni wọ́n sọ fún mi. Ṣé lymphocyte kì í ṣe globule blanc mọ́ ni?

Dàdá Nọ́ọ̀sì (Montréal): Ọ̀kan nínú wọn ni. Bẹ̀nẹ̀ ni Kétu wà, ṣé gbogbo Bẹ̀nẹ̀ wá ni Kétu?

Ọmọ Alákétu (Bruxelles): Ó yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ o 😂

Ìyá Ìbejì (Marseille): Ẹ dúró ná kí ẹ tó máa ṣeré. Ṣé ó ti lo oògùn kankan tó gbé bọ̀ láti ilé? Torí 2020 mo gbọ́ ní rédíò pé dexa, irú kọ́tísónì kan, ń gbẹ̀mí là, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o fún ìyá mi. Mi ò gbọ́ ìdajì tó kù, pé nínú àyẹ̀wò RECOVERY àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ti wà lórí ọ́síjìn ló ràn lọ́wọ́, kò ṣe àwọn yòókù láǹfààní. Ṣúgà ìyá mi fò sókè, òun ló gbé wọn dé ọsibítù, kì í ṣe kòfíìdì. Kọ́tísónì fúnra ẹ̀ sì máa ń fa lymphocyte wálẹ̀.

Ìyá Ràmátù (Créteil): Yéè. Mo rí pákẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ti já ibi orúkọ kúrò. Ó ní ti ọ̀nà ọ̀fun ni. Ẹ̀rọ ìka ní 95.

Dàdá Nọ́ọ̀sì (Montréal): Pe 15, mú pákẹ́ẹ̀tì yẹn dání, má fi nǹkan kan pamọ́. Má sì gbọ́kàn lé 95 jù, ẹ̀rọ yẹn lè ka ti àwọ̀ dúdú ju bó ṣe wà lọ, Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ ẹ̀ ní 2021. Ọ̀dà èékánná àti làálì dúdú náà ń dà á láàmú.

Fòfó Wàńdó (Montreuil): Bàbá Ràmátù ò lé làálì o.

Ọmọ Alákétu (Bruxelles): Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni, má búra. Ta ló tún ń ra oògùn ojú pópó lẹ́yìn tí wọ́n kó ti ọjà Adjégounlè ní Kòtònú ní 2017, bí kò ṣe ẹ̀yin?

Fòfó Wàńdó (Montreuil): Ẹ̀yin ará Kétu tí ẹ ò ní ju Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ yín, lọ! Wá wo mọ́ṣáláṣí ńlá wa ní Àjàṣẹ́.

Ọmọ Alákétu (Bruxelles): Èyí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì? Àwa ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO gbà. Ṣé UNESCO mọ àkàsà yín?

Ọmọ Oníṣábẹ̀ẹ́ (Toulouse): Ẹ máa jà. Iṣu tuntun á ti jáde ní Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n á ti máa gúnyán nísàlẹ̀ òkè, èmi jókòó síbí mò ń po ìyẹ̀fun inú páálí.

Ìyá Ìbejì (Marseille): Má dá mi lóró. Àtàsì, ìrẹsì òun ẹ̀wà, àárọ̀ ní Wàńdó, wágáṣì, wàrà Fúlàní, díndín lórí ẹ̀... Ta ló ń bọ̀ láti Kòtònú lóṣù yìí?

Fòfó Wàńdó (Montreuil): Gàrí ni kẹ́ ẹ béèrè o, wàrà àti ẹran ò gbọdọ̀ wọ Yúróòpù nínú báàgì, dúwánì, àwọn aṣọ́bodè, ní pápákọ̀ òfuurufú Roissy gba gbogbo wágáṣì mi dànù lójú mi, wọ́n tún bu owó ìtanràn lé e.

Ọmọ Oníṣábẹ̀ẹ́ (Toulouse): Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, gàrí Ṣábẹ̀ẹ́ ló ń gbé.

Àlàájì Villeurbanne: Gàrí Savalou lẹ ń sọ di ti Ṣábẹ̀ẹ́ yẹn. Ẹ ṣáà kọ orúkọ mi sílẹ̀, kílò mẹ́ta.