Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: mo fẹ́ kí ẹ̀yìn àwòrán ṣe bàìbàì lẹ́yìn réńdà (nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ti ya àwòrán náà tán)

Akoniselo: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ànímésọ̀n tí mò ń fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà fún àwòrán 3D, ṣe, ọmọbìnrin kan ń rìn bọ̀ láàárín igbó. Mo fẹ́ kí òun hàn kedere, kí igi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe bàìbàì. Depth of field (ohun tó ń mú kí ibi tí kò sí ní fókọ́ọ̀sì ṣe bàìbàì) inú kámẹ́rà Blender dára, àmọ́ bí mo bá fẹ́ yí fókọ́ọ̀sì padà, àfi kí n tún gbogbo rẹ̀ réńdà. Mo wá lo Z pass (àwòrán tó ń sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó) pẹ̀lú Defocus, nóòdù tó ń sọ àwòrán di bàìbàì lẹ́yìn réńdà, ni etí irun rẹ̀ bá rí wúruwùru. Kí ni kí n ṣe?

OjuKamera: Nọ́ńbà kan péré ni Z ń fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe jìnnà sí kámẹ́rà tó. Níbi tí fọ́nrán irun àti igi ti jọ wà nínú píksẹ́lì kan, kò lè mú méjèèjì. Ẹ lo Mist pass, tí òun náà ń fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó; etí tirẹ̀ máa ń dán. Ẹ yọ àmì kúrò lára Use Z-Buffer nínú Defocus, kí ẹ fi Map Range (nóòdù tó ń yí ìwọ̀n nọ́ńbà padà) sọ ibi tí bàìbàì yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń rìn bọ̀, ẹ fi keyframe (àmì tó ń yí iye padà bí àkókò ṣe ń lọ) sún ibi náà tẹ̀ lé e.

Alawomo: Ẹ̀gbọ́n OjuKamera, Mist á tún etí ṣe lóòótọ́, àmọ́ àwọ̀ ọmọ náà ṣì máa tú sára igi, torí àwòrán kan ṣoṣo ni. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ò sí nínú réńdà yẹn rárá! Ẹ pín in sí view layer (léyà tí a ń réńdà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) méjì: ọmọ náà nìkan lórí Transparent (ẹ̀yìn tó ṣófo), igbó nìkan láìsí òun. Igbó nìkan ni kí ẹ sọ di bàìbàì, kí ẹ wá fi Alpha Over (nóòdù tó ń gbé àwòrán kan lé òmíràn) gbé ọmọ náà lé igbó lórí. Nínú léyà igbó, bí ẹ bá ń lo Cycles (ẹ́ńjìnnì réńdà kan nínú Blender), ẹ fi Indirect Only sí collection (àkójọ nǹkan) tí ọmọ náà wà, kí òjìji rẹ̀ má bàa pòórá nílẹ̀. Ewé tó bá wà níwájú rẹ̀ náà nílò léyà tirẹ̀.

OjuKamera: Òótọ́ ni, tiyín ló dáa jù fún irun. Ẹ má sì tọ́jú Mist sínú PNG oní-8-bit o. Ìpele 256 péré ló ní, bàìbàì á máa fò láti ìpele dé ìpele. OpenEXR, irú fáìlì tó ń tọ́jú ìpele púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni kí ẹ lò.

Akoniselo: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ti pín in, irun rẹ̀ ti dán, òjìji sì wà níbẹ̀. Ó ku ewé iwájú.