Báwo ni mo ṣe lè rí ìtàn ayé ìyá wa kó jọ?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá wa tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ti papò dà, èmi sì ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ayé wọn. Ti iléèwé kò ṣòro. Àmọ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé kan ṣoṣo ni mo sì rí. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ti ń parẹ́. Lójú ewé kan, ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n kọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ẹkún ni mo bú sí.

Báwo ni kí n ṣe ya fọ́tò ìwé náà kí ó lè hàn? Kí ni kí n bi àwọn tí ìyá wa kọ́, kí wọ́n má kàn sọ pé “èèyàn dáadáa ni”?