Oòrùn, eruku, ilẹ̀ pupa: báwo lẹ ṣe tún ilé àti àyíká yín ṣe ní Àríwá níbí?

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kọ́tìnnì ni mò ń rán ní Kubwa níbí, ní Abuja, iṣẹ́ náà sì ń gbé mi wọ ilé olówó àti ilé mẹ̀kúnnù, láti Gwarinpa títí dé Karu. Ohun tí ojú mi ń rí ló jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn èèyàn á ti wo fọ́tò ilé lórí fóònù, wọ́n á ní ọ̀dà dúdú àti àwọ̀ eérú làwọn ń fẹ́, gíláàsì láti òkè délẹ̀, òrùlé tí wọ́n fi ògiri bò mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rí páànù. Ó rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ tó bá di oṣù kẹta, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á gba ojú gíláàsì wọlé, á bá wọn jókòó lórí àga. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń pè mí pé kí n wá fi kọ́tìnnì tó nípọn bo gíláàsì tí wọ́n fi owó ńlá rà. Èmi ò ní kí wọ́n má pè mí o, ibẹ̀ la ti ń jẹun.

Nílé tèmi, mo sọ fún kápẹ́ńtà pé kí páànù yọ síta dáadáa ju ògiri lọ, kí òjò má máa na ògiri, kí oòrùn ọ̀sán má sì ríbi wọlé. Àbúrò ọkọ mi ní ilé náà jọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kó máa jọ ọ́. Àwọn fèrèsé tó kọjú sí àríwá àti gúúsù ló tóbi. Èyí tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn, ó kéré gan-an.

Ohun tí n kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ògiri. Ilẹ̀ pupa la wà. Bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ń já láti orí páànù, á gbẹ́ ilẹ̀, ẹrẹ̀ á máa ta sára ògiri títí dé orúnkún. Ẹni tó bá kun ilé rẹ̀ ní funfun, kó wo ìdí rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Èmi ní kí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí gbogbo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já sí yí ilé ká. Orí òkúta ni omi ń já sí báyìí, kò rí ẹrẹ̀ tí yóò ta. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri tí mo kùn ṣì ń dán.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ má sọ ti ilé Dubai fún wa o, ibi tí ẹ ń gbé gan-an la fẹ́ gbọ́.

Bọ̀dé (Mararaba)

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó kọ́lé ló ń sọ̀rọ̀ páànù. Yàrá kan ni mo háyà ní tèmi, lándílọ́ọ̀dù sì ti kì mí nílọ̀ pé òun ò fẹ́ rí ìṣó kan lára ògiri òun. Mo wá ra oparun, mo so ó pọ̀ bí àkàbà, mo fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Òun ni mo ń fi aṣọ kọ́, òun ni mo gbé rédíò àti ìwé sí. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù kí àpótí àti àpò ìrẹsì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Dígí gbọọrọ tí mo gbé dojú kọ fèrèsé ni wọ́n ń rí tí wọ́n fi ń bi mí pé ṣé mo ti fẹ yàrá náà sí i ni.

Ti ọgbà, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí àwọn kunlékunlé sọ nù ni mo dá ihò sí nídìí, mo gbin ewédú, ṣọkọ àti efinrin sí i lẹ́nu ọ̀nà. Ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ ewédú náà kanlẹ̀. Kò tiẹ̀ fi imú kan efinrin.

Bàbá Sùlè (Zaria)

Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá mi, àmọ́ Zaria ni wọ́n bí mi sí. Ilé tí bàbá mi rà lọ́wọ́ Háúsá kan, ìyẹ̀wù amọ̀ méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì dúró títí dòní, inú ọ̀kan nínú wọn ni mo sì ń sùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Tubali ni wọ́n ń pe búlọ́ọ̀kù amọ̀ náà: wọ́n á gún amọ̀ pọ̀ mọ́ koríko, wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́, ìdí rẹ̀ á fẹ̀, orí rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó, wọ́n á sá a sóòrùn. Bí wọ́n bá ń tò ó, amọ̀ tútù ni wọ́n á fi dí àárín rẹ̀. Ògiri náà nípọn débi pé àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń jókòó sójú fèrèsé kàwé. Azara ló gbé òrùlé dúró, ìyẹn igi tí wọ́n là lára giginya, igi kan tó jọ ọ̀pẹ. Ikán kì í tètè rí i jẹ. Irú iṣẹ́ báyìí ni Babban Gwani Mikaila fi kọ́ Mọ́sáláásí Jímọ̀ ìlú wa ní ọ̀rúndún 19, àwọn òpó rẹ̀ sì ni àlejò ṣì ń wá wò.

Nígbà tí mo fẹ́ tún ìyẹ̀wù náà ṣe, àwọn ọmọ mi ní ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Mo mú wọn lọ wo ilé aládùúgbò tó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Amọ̀ a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sìmẹ́ńtì kì í bá a rìn. Omi tó wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì kò rí ọ̀nà jáde, níkẹyìn á bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ ní pẹpẹ pẹpẹ. Mo wá bàbá àgbàlagbà kan tó mọ iṣẹ́ náà. Èèpo èso igi igbá ló ní ká kó wá, èyí tí ẹ ń yọ irú nínú rẹ̀ tí ẹ ń dà nù. Ó rẹ ẹ́ sómi títí omi náà fi dúdú tó sì ki. Makuba ni Háúsá ń pè é. Ó fi pò amọ̀ tó fi rẹ́ ògiri, ó tún ń wọ́n ọn lé e lórí. Òjò ti rọ̀ sórí iṣẹ́ yẹn, kò tíì ṣí.

Ẹfun ni mo fi kun inú rẹ̀. Mo ní àwo fàdákà ìyá mi mẹ́ta lára ògiri, ẹní awọ kan nílẹ̀, ó tán. Lọ́sàn-án gangan, ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ dákẹ́ ná, nítorí bí inú rẹ̀ ṣe tutù. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́: lálẹ́ oṣù kẹrin, ògiri náà á máa tú gbogbo ooru tó gbà lọ́sàn-án sílẹ̀, àgbàlá la máa ń tẹ́ ẹní sí.

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè fi makuba pò amọ̀ tó fẹ́ fi rẹ́ ògiri tó yí ọgbà ká?

Bàbá Sùlè (Zaria)

Ó ṣeé ṣe dáadáa, ọmọ mi. Kó ṣáà ní ìbòrí díẹ̀ lórí, kí ìdí rẹ̀ má sì wà nínú omi.

Ìyá Ráṣídà (Sabon Gari, Kano)

Ti omi lèmi fẹ́ sọ. Omi ọlọ́mọlanke là ń rà ládùúgbò wa, ta ni yóò wá máa da á sí òdòdó? Àmù tí wọn ò fi nǹkan dídán kùn ni mo rà lọ́jà. Mo gbẹ́lẹ̀, mo rì í mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn láàárín ebè, mo wá gbin tòmátì, ata àti zógálè (mọ̀ríńgà) yí i ká. Mo ń pọn omi kún un, mo sì ń fi àfọ́kù táìlì dé e kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni àmù yóò máa làágùn omi sí gbòǹgbò díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ò rí i fà. Ní oṣù ọyẹ́ tí koríko gbogbo àdúgbò ti gbẹ pátápátá, ata mi ń so. Ẹ ṣọ́ra o: èyí tó bá ń dán lára kò lè làágùn, ọ̀ṣọ́ pálọ̀ nìyẹn.

Kẹ́mi (Suleja)

Ìyá Ráṣídà, ẹ ti pe orúkọ mi. Ibi tí mò ń gbé yìí ni wọ́n ń pè ní Abuja tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó gba orúkọ náà fún olú-ìlú ní 1976. Ibí náà ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará ìlú òyìnbó, ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ sì ni Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tó wà lẹ́yìn owó ₦20, ti ṣiṣẹ́. Ẹ yí owó yẹn padà kí ẹ wò ó. Àwọn ìkòkò tí wọ́n fín aláǹgbá àti àkekèé sí lára, mo ní méjì tí mo rà lọ́wọ́ ìyá kan lójú ọ̀nà. Òdòdó oníke ni mo kó dà nù, mo ki koríko gbígbẹ gíga bọ inú ìkòkò méjèèjì. Àlejò kan kì í kọjá láìbéèrè. Àwọn ará ilé wa ní Ìbàdàn nìkan ló ní kí n gbé ìkòkò awo kúrò ní pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Túndé (Jos)

Ẹ̀yin ń sá fún oòrùn, àwa ń wá a kiri nítorí òtútù Jos. Fèrèsé ńlá wa, ìlà-oòrùn ni ká kọjú rẹ̀ sí. Ti ọgbà, igi oró ni àwọn Bẹ̀rọ́ọ̀mù fi ń ṣe ọgbà yí oko ká níbí, èmi náà gbìn ín dípò fẹ́ńsì ẹ̀yìn ilé. Ewúrẹ́ Bọ̀dé ò lè kọjá níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré kó má gbìn ín o. Oje rẹ̀ burú fún ojú.

Bàbá Fìyìn (Lugbe)

Ẹni tó kọ́ ilé tí mo rà ti fi ìńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ilẹ̀, ó kan fẹ́ńsì. Lọ́sàn-án, ẹ ò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Bí òjò bá sì rọ̀, gbogbo omi á kọjá lábẹ́ géètì lọ bá aládùúgbò, ó di ìjà. Mo hú ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo fi ibi tí mọ́tò ń gbà sílẹ̀. Koríko ló wà lápá kan, gúáfà kan àti àgbagbà wà lápá kejì, níbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń jáde sí. Àgbagbà kì í bá omi ọṣẹ jà. Aládùúgbò mi ti ń kí mi padà. Ìbéèrè mi rèé: igi wo ni mo lè gbìn sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì tí kò ní wó o?

Ìyá Ìbejì (Kubwa)

Bàbá Fìyìn, igi masquerade. Ó ń ga sókè ni, kì í fẹ̀. Dóńgóyárò ní ibòòji ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹ gbìn ín jìnnà sí fẹ́ńsì àti sókáwéè. Kẹ́mi, o béèrè kọ́tìnnì lọ́wọ́ mi lórí fóònù lánàá: àwọ̀ tó bá sún mọ́ ti eruku ni kó o rà, kó jẹ́ aṣọ tó ṣeé fi ọwọ́ fọ̀, nítorí ọyẹ́. Kí fífẹ̀ aṣọ tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ fèrèsé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣẹ́po dáadáa tí a bá fà á bo fèrèsé. Fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́.